Ó Fi Orúkọ Ìyá Rẹ̀ Bora

Ọ̀gbẹ́ni Malachi kì í mu ọtí, kì í sì í lo oògùn. Iwájú ni ó máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìgbó-Ọrà. Bí wọ́n bá ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí, á yí ọrùn wẹ̀yìn, kí ó lè mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Òun ni ó ń yan ẹni tí yóò gba iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ. Nígbà tí iṣẹ́ Ìdèrè dé, ó le ojú koko bí adájọ́, ó gbé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó béèrè fún un yẹ̀ wò, ó sì yan èyí tí ó dára jù lójú rẹ̀. Kí ni kò ní jẹ́ kí ó dára lójú rẹ̀? Tirẹ̀ ni! Orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó fi bò ó.

Abísọ́lá, agbẹjọ́rò kan ní Èrúwà tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ìwé, kìlọ̀ fún un.

"Malachi, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé jáde."

"Ṣé omi ò yọ ní Ìdèrè ni? Kí ni mo jí?"

"Òfin ò béèrè bóyá omi yọ. Ohun tí o fi pamọ́ ló ń béèrè. Ọlọ́run náà ń béèrè rẹ̀. Ronú pìwà dà."

"Lọ́yà ti di wòlíì! Gbé igbá ọrẹ wá, kí n dá owó sí i."

Kò pẹ́ tí àwọn aṣèwádìí ìjọba fi wọ ìlú Tápà, níbi tí ìyá Malachi ń gbé. Malachi gbọ́, ó bẹ Abísọ́lá kí ó bá òun lọ, wọ́n sì sáré débẹ̀. Wòlíì tí ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti wá wúlò.

Wọ́n bá Màmá Malachi lórí àpótí, ó ń bó pákí tí yóò fi ṣe láfún.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé-iṣẹ́ tó gbẹ́ kànga Ìdèrè?" Ọ̀kan nínú àwọn aṣèwádìí ni ó béèrè.

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Ọ̀bẹ yìí ni ilé-iṣẹ́ mi, ọmọ mi. Kò tilẹ̀ mú."

Wọ́n fi àwòrán kan tí ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà hàn án lórí fóònù.

"Háà, fọ́tò mi rèé! Malachi ló yà á. Ó ní òun fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀ òun."

Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó yé e. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń wo bàtà ara rẹ̀. Màmá nu ọwọ́, ó dìde.

"Bó bá jẹ́ fọ́tò mi ló wà níbẹ̀, èmi náà ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ jẹ́ kí n mú ìborùn mi."

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí Malachi ń rò? Ó ń rò pé bóyá ìjọba kò ní fi arúgbó sẹ́wọ̀n. Gìrìpá ọkùnrin sá pamọ́ sẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀, ó ń ṣírò!

Abísọ́lá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́. "Malachi, Ẹnìkan tí kò dẹ́ṣẹ̀ ti dìde báyìí nítorí rẹ rí, wọ́n sì kàn án mọ́ igi. Ìyá rẹ kò lè rà ọ́ padà. Jésù ti rà ọ́. Sọ òtítọ́."

Màmá ti dé ìdí ọkọ̀ àwọn aṣèwádìí. Nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀ láti wọlé, Malachi figbe ta.

"Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀! Èmi ni. Olúwa, ṣàánú fún mi, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí!" Ó kúnlẹ̀ sínú èèpo pákí.

Ní kóòtù, kò sọ fún adájọ́ pé omi ń yọ ní Ìdèrè. Kristi ti dárí jì í. Síbẹ̀, òfin rán an lọ sẹ́wọ̀n. Níbi ìsìn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, bí wọ́n bá pe ẹlẹ́ṣẹ̀, kì í yí ọrùn wo ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀gá? Ìwọ tí ò ń fi orúkọ ìyàwó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ. Ìwọ olórí ilé-iṣẹ́ tí ò ń ta ọjà rẹ ní kọ̀rọ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ní kí o máa ṣọ́, orúkọ ta ni o fi bora? Aṣọ náà kò gùn tó ọ. Ẹsẹ̀ rẹ ń yọ síta. Má dúró de ọjọ́ tí wọn yóò kan ilẹ̀kùn. Kúnlẹ̀ lónìí, kí o sì wí pé, "Èmi ni." Kò sí ẹni tí ó lè fi orúkọ ìyá rẹ̀ ronú pìwà dà.