Ojú Ọ̀nà Kẹjọ Tó Ṣófo

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò burú. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ṣì wà láàyè, ẹ lọ bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi Bàbá Aago.

Bàbá Aago ló ń ka àkókò fún ẹgbẹ́ àwọn àgbà òmùwẹ̀, àwọn tí irun wọn ti funfun tí wọn ò sì gbà pé àwọn ti dàgbà. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń pín ọjọ́ orí wọn sí ìpele. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìpele tuntun ló kéré jù níbẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn. "Ibí nìkan ni ogbó ti ń sọ èèyàn di ọmọdé," ni ìyàwó Bàbá Aago máa ń wí. Ẹja ni wọ́n ń pè é. Kò sí obìnrin tó yára tó o ní ìpele rẹ̀, títí àìsàn fi mú un lọ.

Nígbà tí ìdíje tún dé, ẹgbẹ́ fi ojú ọ̀nà kẹjọ nínú adágún ìwẹ̀ sílẹ̀ lófìfo láti fi yẹ́ ẹ sí. Bàbá Aago tan aago gbogbo ojú ọ̀nà bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó gbàgbé láti yọ ti kẹjọ kúrò. Fèrè dún, àwọn obìnrin bẹ́ sómi. Bí wọ́n ṣe ń dé tí wọ́n ń fọwọ́ gbá pátákó tó ń dá aago dúró, aago kẹjọ náà dúró. Ẹnì kankan ò sí níbẹ̀.

"Ìgbì omi ló gbá a," ni ọmọbìnrin Bàbá Aago wí. Òmùwẹ̀ lòun náà.

"Bóyá."

Ṣùgbọ́n àkókò tí Ẹja máa ń lò gan-an ni aago náà fi hàn. Ta ni kì í dá ìró ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ̀ mọ̀? Lọ́dún kejì, ó mọ̀ọ́mọ̀ tan ti kẹjọ ni. Aago dúró, ó pẹ́ díẹ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún pẹ́ sí i. Bí àgbà ṣe ń falẹ̀ ló ń falẹ̀. Ẹ̀rù ba Bàbá Aago, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ń to orúkọ rẹ̀ sí ipò tó bá tọ́ sí i láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a darúgbó. Kí ni ọkùnrin tí aya rẹ̀ ti kú tún ń wá?

Lọ́dún yìí ni Ẹja ìbá wọ ìpele tuntun. Bàbá Aago fá irùngbọ̀n, ó wọ ẹ̀wù funfun. Fèrè dún. Àwọn obìnrin bẹ́ sómi, wọ́n dé, wọ́n jáde. Aago kẹjọ ń ka lọ.

Kẹ́kẹ́ pa. Omi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ìgbà náà ni gbogbo wọn gbọ́ ọ: ọwọ́ tó ń lu omi. Pà. Pà. Ó jìnnà. Ó ti rẹ ẹni tó ni ín.

"Bàbá, ẹ pa aago yẹn," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Tí mo bá pa á, kò parí nìyẹn. Ẹni tí ò bá parí, wọn kì í kà á mọ́ wọn."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gbá pátákó náà fún wọn."

"Ọwọ́ ẹlòmíì ò lè parí ẹ̀. Òfin ò gbà á."

"Òfin kẹ̀? Ìyá mi nìyẹn! Ó ti rẹ̀ wọ́n!"

Bàbá Aago gbé ìka lé bọ́tìnnì. Ìka kọ̀. Ó rìn lọ sí ìparí ojú ọ̀nà kẹjọ, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sórí omi.

"Ẹja mi, ibí ni mo wà."

Ìró náà ń sún mọ́ ọn. Ó dé iwájú rẹ̀ gan-an, omi sì ta sí i lójú. Ó gbọ́ èémí, kò rí ẹnu. Pátákó kò mì. Ìró náà yí padà, ó tún ń lọ.

"Ṣé wọn ò rí yín ni?" Ọmọ rẹ̀ ti ń sunkún.

Àwọn èèyàn ń kó ẹrù wọn, wọ́n ń jáde, wọn ò wẹ̀yìn. Ọkùnrin tó ń ti ilẹ̀kùn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Aago ń ka lọ. Bàbá Aago kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó na ọwọ́. Látìgbà tó ti ń ka àkókò fún àwọn òmùwẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò mọ odò wẹ̀.