Ọkọ̀ Tí A Ti Ṣe Sàráà Lé Lórí

"Àǹtí Àsíátù, ẹ má tíì gba ọkọ̀ yẹn o! Ẹ dúró kí n wò ó."

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni ohùn Phoebe wọlé sórí fóònù. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti gba ọkọ̀.

Àsíátù ń bu waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà, fún àwọn ọmọ lọ́wọ́, ní ilé wọn ní Darkuman, nínú Accra. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Láti Ọjọ́rú ló ti fi àwòrán ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí Phoebe, ọmọ Yorùbá Ànàgó bíi tiwọn, tí wọ́n bí sí Accra, tó ń ṣe iṣẹ́ fítà, ìyẹn mẹkáníìkì, nítòsí Kaneshie. Àṣé Phoebe lọ tún ọkọ̀ ṣe ní ìgbèríko, kò sì rí nẹ́tíwọ̀kì. Ní báyìí, ọkọ̀ funfun gbàgàdà kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Píjò àtijọ́ ti lọ.

Píjò yẹn! Òun ni Àlàmú fi gbé Àsíátù wálé níyàwó. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tì àfi kí èèyàn rọra gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ òjò kan, bíréèkì rẹ̀ kọ̀, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà nínú rẹ̀. Iléyá ń bọ̀, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ gbéra lọ sílé ní Ẹ̀jìgbò. Àlàmú nu ojú, ó gbà kí wọ́n fi Píjò pààrọ̀, kí wọ́n sì fi owó lé e.

Bàbá Àjàlá, àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn, ló mú ọkọ̀ funfun wá. Ta ni yóò sọ fún àgbà pé kí fítà kọ́kọ́ wo ọjà rẹ̀? Wọ́n pe Àfáà, wọ́n pín máásà káàkiri àdúgbò, wọ́n ṣàdúrà lé ọkọ̀ lórí. Kò sẹ́ni tó wo abẹ́ rẹ̀.

Phoebe dé lọ́sàn-án. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ká rọ́ọ̀gì sókè.

"Ei! Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan. Ẹrù ni wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí fún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé fèrèsé sí i ni. Ìjókòó wọ̀nyí náà, wọ́n kàn jó wọn mọ́ páànù ilẹ̀ ni. Páànù agolo mílíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn jù ú lọ."

"Ó kúkú le," ni Àlàmú wí. "Mo jókòó lé e."

"Bùròdá, jíjókòó kọ́ ni wàhálà. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ìjókòó á fà tu, tòun tẹni tó wà lórí ẹ̀. Bẹ́líìtì ńkọ́? Ara ìjókòó yẹn náà ni wọ́n so ó mọ́. Kí ló fẹ́ di ọmọ mú?"

Ó fi ọwọ́ kan mi ìjókòó. Ìjókòó náà ń ké kìnkìn.

Àlàmú rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n a ti ṣe sàráà lé e lórí."

"Àdúrà yín gbà paa! Òun ló jẹ́ kí n dé kí ọjọ́ Àìkú tó pé."

"Bí a bá dá a padà, ojú á tì wá láàárín ẹgbẹ́."

"Kó tì wá," ni Àsíátù dáhùn. "Ìtìjú kì í pa ọmọ."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kí a tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé ara wa. Bí ọkọ̀ yín bá ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí fítà tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, wo ọkọ̀ tuntun náà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ ká rọ́ọ̀gì. Ẹ mi ìjókòó. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ara ọkọ̀ bá ti ìwé mu, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ jẹ́rìí sí i. Ọkọ̀ ẹrù kì í di ọkọ̀ ọmọ nítorí tìmùtìmù. Ẹni tó bá sì ní ẹ̀ ń bú òun nítorí pé ẹ fẹ́ yẹ ọjà wò, ẹ yẹ ọjà tirẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe Àfáà.

Nírọ̀lẹ́, Àsíátù kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Bàbá Àjàlá, ó ròyìn ohun tí Phoebe rí lára ọkọ̀. Àlàmú dọ̀bálẹ̀, ó sì dìde.

"Ṣé mo fẹ́ pa yín ni?" ni Bàbá bú mọ́ wọn. "Ọkọ̀ mélòó ni mo ti mú wá fún ọmọ ìlú yìí! Àlàmú, ṣé ìyàwó ló ń wa ilé rẹ báyìí?"

"Ó mọ ọ̀nà, Bàbá," ni Àlàmú fèsì.

Àsíátù ṣì kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wolẹ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ síwájú àgbà náà.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ àkọ́bí mi lórúkọ, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kankan ò ní wọ ọkọ̀ yẹn, ì báà ṣe láti ibí dé ọjà Kantamanto nínú Accra yìí. Ẹ dá Píjò wa àti owó tí a fi lé e padà. Píjò náà, a ó tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà, a ó sì wá ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún èèyàn. Bọ́ọ̀sì la máa wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ yẹn fún ọmọ ìlú wa mìíràn, èmi fúnra mi ni n ó ká rọ́ọ̀gì rẹ̀ sókè lójú Àfáà."