Ohun Tó Jẹ Aṣọ Ìgbéyàwó

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n gbé fún un, àfi bí asẹ́, aṣọ ti lu jálejálè. Kó tó pariwo tán, ìyá ìyàwó ti ké sí ọlọ́pàá pé ó da ásíìdì sí aṣọ ọmọ òun kan ṣoṣo.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní Afarabalẹ̀ bá alágbàfọ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí o! Ọṣẹ àti sódà nìkan ni mò ń lò. Tí ẹ bá tì mí mọ́lé, ta ló tún máa gbé aṣọ wá fún mi?"

"Ta ló fọwọ́ kan aṣọ yìí lẹ́yìn tó gbẹ?"

"Màmá yìí náà ni. Wọ́n gbé e lọ rán bọ́tìnì, wọ́n ká a padà fún mi. Mo bu omi sẹ́nu, mo fẹ́ ẹ sí i, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́."

"Ẹnu rẹ gan-an ni ásíìdì!" Màmá bú u.

Afarabalẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó rí nǹkan funfun bí iyọ̀ nínú ìṣẹ́po etí aṣọ, níbi tí omi ò dé. Ó fi bébà àyẹ̀wò tó máa ń pọ́n bó bá kan ásíìdì kàn án, kò yí padà. Ó fi omi rin bébà náà, ó tún fi kàn án. Ó pọ́n wẹ̀ẹ̀.

Ó tẹ̀lé màmá délé. Télọ̀ ni màmá. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ṣègbéyàwó ń di ẹrù nínú yàrá.

"Ṣé ibi tó ń lọ jìnnà?"

"Òkè òkun, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Tó bá lọ, ó ku èmi àti ògiri."

Afarabalẹ̀ náà ń dá gbélé. Ó wo ètè màmá tó bó.

"Kí ló bó yín létè, Màmá?"

"Tíì gbígbóná."

"Rárá o. Ásíìdì dà bí ẹni tó ru ẹrù kékeré kan, tó ń wá ẹni tó máa gbé e fún. Ní gbígbẹ, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ yín ò fi jó. Omi ló ń gbà á, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Sódà ní tiẹ̀, ọwọ́ òfìfo ló nà sílẹ̀. Ká ní nǹkan yìí ti wà lára aṣọ kí alágbàfọ̀ tó fọ̀ ọ́, sódà ì bá ti gba ẹrù náà, aṣọ kì bá tí bàjẹ́. Lẹ́yìn tó gbẹ ni ẹ wọ́n ìyẹ̀fun ásíìdì tí ẹ fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí i, kí omi àti iná áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lè parí iṣẹ́ fún yín. Àmọ́ ẹ fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, lẹ bá fi itọ́ ẹnu rin ín bí gbogbo télọ̀ ti ń ṣe. Omi náà ni itọ́, Màmá."

Màmá jókòó wọ̀ọ̀.

Ọmọ ti yọ sẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, torí kí n má baà lọ? Ẹ fẹ́ kí wọ́n ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé? Ẹ ò sọ fún mi rí pé ẹ̀rù ń bà yín láti dá wà."

Màmá nawọ́ mú gèlè rẹ̀ lórí àga, ó dìde tẹ̀lé ọlọ́pàá.

"O ò bi mí," ló wí.