Alẹ́ Tí Wọ́n Jí Adé Fàdákà

Gbòà! Gíláàsì fọ́!

Àwọn èrò tó wà nínú yàrá ńlá náà kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ẹ má bá wọn wí. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún nìyẹn tí gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ilé àtijọ́ tó wà ní La Paz máa ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlú ti tú síta. Tọmọdé tàgbà tò bí èèrà lójú títì olókùúta, wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn oníjó tó wọ ìbòjú oníwo sì wà káàkiri, wọ́n ń fò, wọ́n ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé.

Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọkùnrin méjì tó wọ ìbòjú oníwo fọ́ àpótí gíláàsì tí adé fàdákà wà nínú rẹ̀, obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó! Eré ti bẹ̀rẹ̀!"

Eré kọ́!

"Ẹ dojú bolẹ̀!" Rocoto bú ramúramù, ó na ìbọn ìléwọ́ sókè. "Ẹni tó bá gbórí sókè, orí ọ̀hún ò ní bá a délé o!"

Rocoto lorúkọ ata kan tó máa ń lé omi jáde lójú ẹni. Orúkọ tí gbogbo olè ìlú náà ń pe ọkùnrin yìí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún rántí èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Severo Laime ni ẹnìkejì rẹ̀. Severo kò gbé ìbọn, àpò ló gbé. Ó ń bojú wẹ̀yìn bó ṣe ń ti adé náà sínú àpò. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń bà á lẹ́rù. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ yàrá náà ni.

Bàbá Melquíades Ticona kò dojú bolẹ̀. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn tó lọ sí ilé ìdáná, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dí ọ̀nà pa.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Severo wí láti inú ìbòjú. "Ẹ kúrò lọ́nà. Ẹ dákun."

Bàbá dẹ etí sílẹ̀. Ó ṣẹ́jú.

"Severo? Ọmọ mi, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Yéè! Ẹ̀jẹ̀ Severo di omi.

"Ó mọ̀ ẹ́?" Rocoto ní. Kò dúró gbèsì.

Gbàù!

Bàbá fọwọ́ dikùn mú. Ó fara ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ ọjọ́ náà ti sú. Ojú Severo ló ń wò. Kò tilẹ̀ wo ojú ẹni tó yìnbọn.

Ìgbà yẹn ni igbe tó ta!

"Kí lò ń wò? Sáré!" Rocoto gbá a lẹ́yìn. Wọ́n fo ẹsẹ̀ bàbá dá, wọ́n já gba ilé ìdáná, wọ́n gba ilẹ̀kùn kékeré kan bọ́ sí ìta.

Ilẹ̀kùn kékeré yẹn! Severo ló wá a rí fún Rocoto.

Nǹkan bí oṣù kan ló fi ń lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà bí àlejò tó nífẹ̀ẹ́ ohun àtijọ́. Ó purọ́ fún Bàbá Melquíades pé tíṣà lòun, pé iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ òun. Bàbá káàánú rẹ̀. Ó ń bu tíì ewé kókà fún un láti inú fùláàsì ara rẹ̀, ó ń ya búrẹ́dì sí méjì fún un, ó sì ń mú un kiri yàrá dé yàrá. Ó sọ ìtàn àwọn tó kọ́ ilé náà, ó fi ibi tí ọta ìgbà ogun ti họ ògiri hàn án.

Lọ́jọ́ kan, Severo díbọ́n pé èémí ń ṣe òun. Bàbá fà á lọ́wọ́ gba ilé ìdáná lọ sí ìta kó lè gba atẹ́gùn.

"Ọ̀nà àbùjá nìyí o," ni bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Má sọ fún ẹnìkankan."

Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tó fi sọ fún Rocoto.

Vùùùù! Bọ́ọ̀sì kékeré kan ti ń dún lẹ́yìn ilé. Chato, awakọ̀ wọn, yọrí jáde lójú fèrèsé.

"Ẹ wọlé! Ta ló yìnbọn? Ẹ ní ẹ ò ní yìnbọn!"

"Wakọ̀, jọ̀ọ́! Ṣé èmi ni mo pè ẹ́ wá ṣèwádìí?" Rocoto já ìbòjú rẹ̀ dànù.

Fàààà! Táyà họ òkúta.

Wọn ò tíì dé ìsàlẹ̀ òpópónà tí wọ́n fi gbọ́ ọ lẹ́yìn. Wíìhùn! Wíìhùn! Alùpùpù ọlọ́pàá ni. Sájẹ́ǹtì Bonifacia Apaza ló wà lẹ́yìn ẹni tó ń gùn ún. Obìnrin fìrìgbọ̀n ni, àwọn olè sì máa ń sọ pé ẹnu rẹ̀ ń pani ju ìbọn rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin oníwo! Ẹ dúró kí n bá yín gé ìwo yín!"

"Já a sílẹ̀, Chato! Já a sílẹ̀!" Rocoto ń gbá orí àga.

Gbàù! Gbàù! Ó yìnbọn gba ojú fèrèsé. Alùpùpù náà yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó ń bọ̀!

Chato ya kọ́nà. Háà! Èrò tó tò síwájú ilé àtijọ́ kan ti dí ojú títì pa, àwọn ìyá gbé ọmọ sẹ́yìn, àwọn arúgbó fara ti ọ̀pá. Olè ni Chato o, àmọ́ kò lè gba orí ọmọdé kọjá. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ bìrí. Ọkọ̀ gbá ìkòkò obìnrin kan tó ń ta api, ògì gbígbóná tó pọ́n bí àlùkò, ògì dà sójú gíláàsì, kò sì rí ọ̀nà mọ́.

Gbììììì! Ògiri!

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Chato, orí rẹ̀ lórí ọwọ́ ọkọ̀, tó ń sunkún pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, awakọ̀ lásán ni mí!"

Rocoto àti Severo ti bẹ́ sílẹ̀. Severo bọ́ ìbòjú rẹ̀ jù sínú gọ́tà. Wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n já wọ ibùdókọ̀ okùn, níbi tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti ń rìn lórí okùn irin gòkè lọ sí El Alto, ìlú tó wà lórí òkè. Wọ́n bẹ́ sínú èyí tó ń lọ. Ilẹ̀kùn pa dé.

Bí Severo ṣe bojú wẹ̀yìn báyìí, Sájẹ́ǹtì Bonifacia ló rí, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ó ń wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tiwọn.

Ọkọ̀ okùn kì í sáré, kì í sì í dúró. Wọ́n ń lọ lójú ọ̀run, jẹ́jẹ́, iná gbogbo ìlú nísàlẹ̀ bí ẹyín iná. Ẹni tí wọ́n ń lé kò lè sá, ẹni tó ń lé kò lè bá a.

Ìyá kan ti wà nínú ọkọ̀ náà kí wọ́n tó wọlé. Ó ti bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ti ibi ìwòran bọ̀?" ó bi wọ́n. "Ilé mẹ́rin lèmi wọ̀, ẹsẹ̀ fẹ́ pa mí. Àbí ẹ gbọ́ pé olè yìnbọn lu bàbá kan? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí lórí fóònù ni. Bàbá tó ń ṣọ́ yàrá adé! Òun ló dìde fún mi nírọ̀lẹ́ yìí kí n lè jókòó lórí àga rẹ̀."

Severo kò lè gbójú sókè.

"Ṣé ó kú ni, Mà?" ó bi í.

"Ta ló mọ̀? Ọlọ́run á dá wọn lẹ́jọ́, ọmọ mi."

Ọmọ mi! Severo fọwọ́ bojú.

Rocoto kò gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ó ti gbé Ìyá Filomena jáde nínú àpò: agbárí ènìyàn, fìlà òwú pupa lórí, gíláàsì dúdú lójú. Ọ̀pọ̀ ilé ní La Paz ló ní irú rẹ̀, wọ́n ń fún un ní òdòdó àti sìgá kó lè bá wọn ṣọ́lé. Olè ni Rocoto fi tirẹ̀ ń jà.

Ó gbé e sórí àga, ó kọjú rẹ̀ sí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ fọwọ́ bò ó lójú," ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Kó wò wá, kó má rí wa."

Nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn, Sájẹ́ǹtì dìde lábẹ́ iná. Ó na ìka kan sí Rocoto. Ó nà án sí Severo. Ó nà án sí agbárí náà. Ó ń kà wọ́n! Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sẹ́nu.

"Kò rí wa," Rocoto ní. Òógùn bò ó. Ó ṣá ìṣáná láti tan sìgá fún agbárí. Kò ràn. Ó tún ṣá a. "Irọ́ ni. Kò rí wa!"

"Ó rí wa," Severo dáhùn.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ìwọ lo bà á jẹ́! 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ dákun!' Ṣé ilé àna rẹ lo lọ ni?" Rocoto fa ìbọn yọ, ó gbá ìyá náà mú lọ́rùn. "Ìyá, ìwọ lo máa ṣáájú wa jáde."

Bàtà rẹ̀ ni ìyá náà rọ̀ mọ́.

Ibùdókọ̀ òkè ti ń sún mọ́. Aṣọ ọlọ́pàá ló kún ibẹ̀.

"Rocoto, fi ìyá sílẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Mo ní fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tá a ṣe ti tó."

Rocoto rẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ wo lo ti di ẹni mímọ́?"

Ṣììì! Ilẹ̀kùn ṣí!

Severo fò mọ́ ọn! Ó gbá ọwọ́ ìbọn mú, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Ìyá náà ṣubú sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá.

Gbàù!

Fìlà òwú fò. Agbárí fọ́ yángá-yángá!

Rocoto bojú wo Ìyá Filomena tó ti di èérún nílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì gbàgbé pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun. Kí ó tó rántí, ọlọ́pàá mẹ́ta ti wà lórí rẹ̀. Kákà! Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọlé.

Ọkọ̀ ẹ̀yìn dé. Sájẹ́ǹtì Bonifacia sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Àwọn oníwo mi, ẹ kú ìrìnnà o!"

Adé fàdákà wà nínú àpò. Kò sí ohun tó ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, Sájẹ́ǹtì mú Severo lọ sí ọsibítù. Bàbá Melquíades wà láàyè. Wọ́n ti yọ ọta náà.

"Ìyá inú ọkọ̀ okùn yẹn ti sọ̀rọ̀ rere nípa ẹ," Sájẹ́ǹtì wí fún un ní ẹnu ọ̀nà. "Chato ò dárúkọ ẹ, ẹnikẹ́ni ò sì ní gba Rocoto gbọ́. Bó o bá ní Rocoto ló fipá mú ẹ, bàbá yìí nìkan ló lè já ẹ nírọ́."

Wọ́n wọlé. Bàbá ti gbẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, okùn tí wọ́n fi ń fa omi sí i lára wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo ọkùnrin yìí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Bàbá wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ni bàbá wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Ṣé ó ń dáàbò bò ó ni? Àbí ó ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ? Severo kò mọ̀. Ó kúnlẹ̀ gbì pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá, èmi ni. Severo ni. Ẹ bú mi, ẹ jọ̀ọ́!"

Bàbá kò yíjú padà. Èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì lábẹ́ aṣọ ìbora.

Wọ́n padà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì fa àga fún un, ó jókòó síwájú rẹ̀.

"Ó yá, máa sọ ọ́. Ọjọ́ wo ni Rocoto wá bá ẹ?"

"Sájẹ́ǹtì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Rocoto," Severo ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi."