Ìka Tí Màmá Málọmọ́ Tẹ̀ Sí Ìwé Àṣírí

Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà Ìdí-Ìrókò pa lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní abúlé kan lẹ́yìn Ajílété. Màmá Málọmọ́ gbé garawa lé òṣùká, ó kọrí sí ìsun omi abúlé. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló bá níbẹ̀. Garawa já bọ́ lórí rẹ̀.

“Màmá, ẹ padà. Omi ti di ti kọ́ńpìnnì ẹlẹ́rìndòdò,” ni máígádì wí.

“Háà! Ta ló fún wọn ní omi tí ìyá ìyá mi mu?”

“Ẹ̀yin náà ni.” Ó na ìwé kan sí i. “Ẹ wo ìka yín.”

Màmá tẹjú mọ́ ìwé náà. Ìka òun ni lóòótọ́! Àpá ọ̀bẹ tó dábùú àtàǹpàkò rẹ̀ hàn kedere nínú yíǹkì.

Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà, tí ìrẹsì wọ́n bí imí eégún, làwọn kan gbé ìrẹsì wá: kóńgò kan, ilé kan. “Ẹ tẹ̀ka pé ẹ ti gbà á. Àṣírí ni o!” Ta ni yóò sọ? Ará bọ́dà kì í bi ara wọn léèrè ohun tó wà nínú àpò. Lọ́jọ́ náà, Habeebah, ọmọ ọmọ rẹ̀, béèrè ohun tí ìwé náà wí, Màmá ló pa á lẹ́nu mọ́: “Ṣé o fẹ́ kí kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́ ni?”

Màmá já ìwé náà gbà, ó di ilé Baálẹ̀ Bàrúwà.

Baálẹ̀ ń wolẹ̀. “Èmi àti káńsù ti fọwọ́ sí i pé a ò ní sọ.”

“Ẹ̀yin ò ní mu omi ni, Baálẹ̀?”

Tíṣà Ìbítóyè, tó wá kí Baálẹ̀, ka ìwé náà. “Yéè! Ogún ọdún ni wọ́n kọ síbí pé omi náà máa fi jẹ́ tiwọn! Ẹ gbọ́, bí kọ́ńpìnnì bá fi bó ṣe ń po ọjà rẹ̀ pamọ́, kò burú. Alákàrà náà kì í sọ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ìlú tí ìjọba fọwọ́ sí kì í ṣe àṣírí. Òfin gbà wá láyè láti kọ̀wé béèrè àdéhùn náà lọ́wọ́ káńsù, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ méje.”

“Èmi tí n ò mọ̀wé ńkọ́?”

“Ẹ máa sọ ọ́, màá máa kọ ọ́.”

Lọ́tẹ̀ yìí, Habeebah kà á sí Màmá létí lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ka. “Ìka yìí ni mo fi tì í,” ó ní, “òun náà ni n ó fi ṣí i.”

Káńsù ti gba ìwé náà. Garawa ṣì ṣófo; Màmá ń ka ọjọ́ méje náà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìwé tí wọn ò bá kà sí yín létí, ẹ má tẹ̀ka sí i, ebi ì báà máa pa yín. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìlú kò gbọdọ̀ détí ará ìlú, ẹ bi í pé kí ló ń sá fún. Àṣírí tó ń gba omi lẹ́nu ọmọ wa, a kì í bò ó.