Àwọn Ẹyẹ Tí Dákẹ́dákẹ́ Ń Sin

Ọmọ ìyàwó àárín kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kí wọ́n tó gbé omi kaná. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ó kọ́kọ́ ń pariwo pé inú ń run òun, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, gìrì gbé e, ó tán. Ara rẹ̀ ò gbóná, kò ṣubú níbì kankan, ohun tí gbogbo ilé jẹ lòun náà jẹ. Kò tíì di ọ̀sán tí wọ́n fi ní àwọn mọ ẹni tó pa á.

"Ta ló máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí lọ́sàn-án gangan nínú ilé yìí?" Ìyá ọkọ, tó bí gbogbo ọkùnrin ilé náà, ló dúró sáàárín àgbàlá, tó káwọ́ lérí. "Gbogbo ọmọ ilé yìí ni inú ń run. Ta ni inú kì í run? Ọmọ ta ni kì í bì?"

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn wo ilẹ̀kùn yàrá iwájú. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún níbẹ̀ láti àárọ̀ ti dákẹ́.

Ìyàwó àbíkẹ́yìn wọn ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Télọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Dákẹ́dákẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó ti wọlé wọn. Kò kórìíra ẹnikẹ́ni o. Ó ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, ó ń rán aṣọ àwọn ọmọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì mọ ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti há lára kí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó sáàárín èrò fún ìgbà díẹ̀, ṣe ló máa ń rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti ń fọṣọ láti àárọ̀. Àfi kó padà sí yàrá rẹ̀, kó tilẹ̀kùn, kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Nílé yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.

Torí ìdí iná Ẹ̀gbọ́n Àgbà, àkọ́bí ìyá ọkọ, ni gbogbo ilé wọn ti ń pàdé. Iṣẹ́ òjé ni Ẹ̀gbọ́n Àgbà ń ṣe. Á fọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú, á kó òjé inú rẹ̀ sínú ìkòkò irin, á yọ́ ọ lórí iná, á wá dà á sí kóró-kóró tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì. Lálaalẹ́, tọmọdé tàgbà á tẹ́ ẹní yí iná náà ká. Wọ́n á máa dápàárá, àwọn ọmọ á máa fi ẹ̀rún òjé tó ti tutù ta ayò. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n gbà pé kò fẹ́ wọn ni.

Ìdájí ni Dákẹ́dákẹ́ fẹ́ràn, nígbà tí kò sẹ́ni tó tíì jí. Òun ló ń gbálẹ̀ àgbàlá ní wákàtí yẹn. Ó sì ti tó oṣù méjì tó ti ń rí òkú ẹyẹlé nílẹ̀. Abẹ́ páànù tó bo ibi iná ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń já bọ́ sí, ọrùn wọn á ti wọ́. Ó ń sin wọ́n sẹ́yìn ilé. Ó rò ó pé kóun sọ, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe máa pé lé òun lórí, tí wọ́n á máa bi òun ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin ọmọ náà, ìyá ọkọ ká Dákẹ́dákẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilé. Ẹyẹlé méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbẹ́ ilẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ jáde! Ẹyẹ rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́ yìí!"

"Ìyá, mo bá wọn nílẹ̀ ni."

"O bá wọn nílẹ̀! Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ò tó márùn-ún lóòjọ́, èyí tó o sọ náà tún wá jẹ́ irọ́!"

Ẹ̀gbọ́n Àgbà ò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Aríran máa wá lọ́jọ́ Àìkú tó parí oṣù," ó ní. "Tó bá na ọwọ́ sí ọ, wàá kó ẹrù ẹ. Ọmọ ẹ á dúró sílé yìí."

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n já ọmọbìnrin Dákẹ́dákẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má baà fi tirẹ̀ náà kún un. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un nídìí iná láàárín àwọn yòókù. Inú bí Dákẹ́dákẹ́ débi pé kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó ń bínú sí wọn, ó sì ń bínú sí ẹnu ara rẹ̀ tó kọ̀ tí kò là.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti àgbàlá. "Màmá, inú ń run mí."

Ó fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó jáde, ó gbé ọmọ rẹ̀ nílẹ̀.

"Ibo lò ń gbé e lọ?" ìyá ọkọ fà á láṣọ.

"Ilé ìwòsàn."

"Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló tún fẹ́ tọ́jú ẹ̀!"

"Ìyá, ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀ o!" Wọn ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyá fi aṣọ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ṣí ètè ọmọ náà, ó rí ìlà kan tó dúdú bí aró nídìí eyín rẹ̀. "Kí ni wọ́n ń yọ́ nínú ilé yín?" ó bèèrè. Dákẹ́dákẹ́ wá sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ìkòkò, ó sọ ti àwọn ọmọ tó ń ta ayò, ó sọ ti ẹyẹlé, títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó sì jókòó títí èsì fi jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, aríran ti jókòó sídìí iná, ó dijú. "Ẹni tí ẹ̀ ń wá," ó ní, "kì í bá yín jókòó."

"Òótọ́ lẹ sọ," Dákẹ́dákẹ́ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, ìwé ilé ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi kì í bá wọn jókòó. Ìdí nìyẹn tí inú kì í fi í run mí! Ẹ̀yin aríran, ẹ ò rí ìkòkò tó wà níwájú yín? Òjé ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi. Èéfín rẹ̀ lẹ̀ ń fà símú, ẹ̀rún rẹ̀ làwọn ọmọ ń fọwọ́ pa tí wọ́n tún ń fọwọ́ náà jẹun. Ara ọmọ mi le nínú yàrá mi, ẹ wá gbé e sídìí oró, ẹ ní ẹ̀ ń gbà á là! Nọ́ọ̀sì ní kí n kó gbogbo àwọn ọmọ wá. Ó ní ká pa iná yìí."

"Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti..." Ẹ̀gbọ́n Àgbà bẹ̀rẹ̀, kò parí rẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ wà lórí ẹní níbẹ̀, ó di inú mú. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu yanrìn, ó dà á lé iná, ó tún bù ú, títí kò fi sí èéfín mọ́. Aríran ti mú àpò rẹ̀, ó ń wá bàtà.

Ìyàwó àárín nìkan ni kò mira. "Àwọn ẹyẹ yẹn," ó ní, "ìgbà wo lo ti ń rí wọn?"

"Ìyálé mi..."

"Mo ní ìgbà wo?"

"Ó tó oṣù méjì kí ó tó kú."

"O rí ikú nídìí ibi tọ́mọ mi ń sùn, o ò sọ fún mi!"

Dákẹ́dákẹ́ lè sọ pé wọn ò ní gbọ́. Ó lè sọ pé nǹkan kan náà ni wọn ì bá ṣe. Kò sọ ọ́, torí kò dá a lójú.

Ó ju oṣù kan lọ tí àwọn ìyàwó méjèèjì ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ fún ìtọ́jú, Ẹ̀gbọ́n Àgbà gbé iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà sílé, ìyá ọkọ ń sá fún ojú Dákẹ́dákẹ́. Ọmọbìnrin náà ti padà sí yàrá iwájú. Lálaalẹ́, Dákẹ́dákẹ́ ń jáde lọ jókòó láàárín wọn bí ara rẹ̀ bá ṣe gbé e mọ. Ó ń wo àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ohun tó bá rí, bí inú bá tilẹ̀ ń bí i, á sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí láìkànkùn. Ìyàwó àárín ni. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ le bíi ti ọjọ́ Àìkú yẹn.

"Inú ṣì ń bí mi sí ọ," ó ní.

"Inú ń bí èmi náà sí yín, Ìyálé mi. Ẹ̀yin náà gbà pé mo pa á."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Dákẹ́dákẹ́ mú aṣọ kan tí etí rẹ̀ ti tú, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Níta, wọ́n tún ti ń pariwo lé ara wọn lórí nítorí omi. Ìyàwó àárín fetí sí wọn.

"Dìde," ó ní, "lọ ti ilẹ̀kùn yẹn."