Ìbọ̀sẹ̀ Tí Sàkáríyà Wọ̀ Lọ sí Bọ́mbè

Abẹ́rẹ́ ni Sàkáríyà kọ́kọ́ rí, ó wá rí ọwọ́ tó mú un, ó gbójú sókè, ó rí ẹni tó ni ọwọ́, ẹ̀rù méjì sì dà pọ̀ mọ́ ọn lára.

Ọdún 1988 ni, ní ilé ìwòsàn kan ní Garki, níbi tí wọ́n ti ń gún àwọn tó fẹ́ lọ sókè òkun ní abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ tí Sàkáríyà ti tò sórí ìlà, ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ti mọ̀ pé télọ̀ ni, pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, pé Nyanya ló ń gbé, àti pé ọ̀gá rẹ̀, Alhaji Sùlàímọ́nù tó ń ta aṣọ ní Wuse, ń rán an lọ sí Íńdíà láti lọ yan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá. Ó ń sọ̀rọ̀ Íńdíà bí ẹni tó ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nọ́ọ̀sì tó mú abẹ́rẹ́ náà dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín sì wà létí ẹnu rẹ̀ tí kò jẹ́ kó jáde. Ìdáyátù ni wọ́n kọ sí báàjì àyà rẹ̀.

"Ẹ ká apá ẹ̀wù yín sókè, ará Íńdíà."

Sàkáríyà ká a. Ó dijú. Kí abẹ́rẹ́ tó kàn án, ó ti di etí aṣọ nọ́ọ̀sì mú bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ lọ sọ́jà.

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò tíì gún yín o."

"Mo mọ̀. Mò ń wo bí wọ́n ṣe rán aṣọ yín ni."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. "Kai, télọ̀!" ni Hausa kan tó jókòó lẹ́yìn pariwo. Ojú ti Sàkáríyà débi pé kò mọ ìgbà tí wọ́n gún un tán. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ fún yín láti ìsinsìnyí: ìtìjú ni ìfẹ́ àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, ìtìjú náà ló sì kù díẹ̀ kó pa á.

Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó ní apá òun wú. Apá kò wú. Lọ́jọ́ kẹta ó tún dé, ó na apá síwájú, ó ń fajú ro bí ẹni tí nǹkan ń dùn.

"Bọ̀ọ̀dá Sàkáríyà," ni Ìdáyátù wí, "apá òsì ni mo gún. Ọ̀tún lẹ fi ń hàn mí yìí."

"Ṣé ẹ rí i, nọ́ọ̀sì? Ó ti ràn dé ọ̀tún."

Ìgbà yìí ni ẹ̀rín tó ti há sétí ẹnu rẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń wọ bọ́ọ̀sì ojú ọ̀nà Keffi nírọ̀lẹ́. Ìdáyátù á sọ̀ ní Karu, níbi tí òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Sàkáríyà náà á sọ̀ níbẹ̀, á sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, á wá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Nyanya tirẹ̀, á sì máa súfèé.

Nígbà tí ìrìn-àjò ku ọ̀la, ó bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí òun rà bọ̀.

"Ẹ má ra nǹkan kan. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ sí mi. Ohun tí ojú yín bá kọ́kọ́ rí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ fún mi bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Gbogbo ayé ni mò ń gún lábẹ́rẹ́ ìrìn-àjò, èmi fúnra mi ò kọjá Kàdúná rí."

"Bó ṣe rí gẹ́lẹ́," ni Sàkáríyà dáhùn. "Ojú mi ni wàá fi ríran, Ìdáyá."

Ó ti fi ọ̀sẹ̀ kan rán súùtù aláwọ̀ eérú tuntun fún ìrìn-àjò náà. Ó rán ṣẹ́ẹ̀tì sí i, ó ra bàtà tó ń dán. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni kò rántí. Ta ló ń wo ìbọ̀sẹ̀? Sálúbàtà ló ń wọ̀ lọ sí mọ́sálásí, inú bàtà sì ni ìbọ̀sẹ̀ ń wà láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí ẹni tó bi í pé báwo ni.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ní Bọ́mbè, ìlú tó dé sí ní Íńdíà, kò ṣòro láti sọ. Ooru mú bíi ti oṣù kẹta ní Nyanya. Èrò kò lópin, fèrè ọkọ̀ kò dákẹ́, òórùn tùràrí àti ti òróró gbígbóná gba afẹ́fẹ́ kan. Níwájú òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n ń kọ́ ilé, àwọn obìnrin tó wé aṣọ aláràbarà mọ́ra látòkè délẹ̀ sì ń fi orí ru kọnkéré gun àtẹ̀gùn. Ó wò wọ́n títí, ó rántí Abuja, níbi tí eruku ilé kíkọ́ kì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ ní funfun. Ó ní èyí ni òun máa kọ sí Ìdáyátù. Ká ní ó kọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni, ìtàn yìí ì bá má gùn tó báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, oníṣòwò tó ń ta ẹ̀rọ, Mísítà Mẹ́tà, mú un lọ sílé láti jẹun ọ̀sán. Bàtà pọ̀ ní títò lẹ́nu ọ̀nà. Mísítà Mẹ́tà bọ́ tirẹ̀. Sàkáríyà náà bọ́ tirẹ̀ kó tó rántí.

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti yọrí síta nínú ìbọ̀sẹ̀ eérú rẹ̀, wọ́n ń wo ilé onílé. Télọ̀! Ọkùnrin tó gba ojú òkun kọjá nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ, òun ni ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ya! Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n gbé ọbẹ̀ mẹ́fà síwájú rẹ̀ nínú abọ́ kéékèèké. Ó fi ìka wá ẹran nínú gbogbo wọn, kò rí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìyá Mísítà Mẹ́tà, arúgbó tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ti rí i. Ó wọlé, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú jáde, ó jókòó sílẹ̀, ó na ọwọ́. Sàkáríyà ní rárá, rárá. Ìyá kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Ẹ bọ́ ọ fún wọn," ni ọmọ wọn wí. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwa náà nìyẹn."

Òwú eérú kò sí nílé. Pupa ni ìyá rí. Kí Sàkáríyà tó jẹun tán, ihò méjèèjì ti dí, òwú gun orí òwú bí ẹní tí wọ́n hun. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í pa mọ́ lójú oníṣẹ́: ó mọ̀ pé ìyá yìí mọ abẹ́rẹ́ lò ju òun lọ. Ojú tì í gidigidi.

Nígbà tó padà dé òtẹ́ẹ̀lì, ó mú bébà. "Ìdáyá mi, ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí..." Kíá, àtàǹpàkò méjì náà dìde dúró lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó wá kọ ni pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì ló wá pàdé òun, pé òtẹ́ẹ̀lì òun ga ju gbogbo ilé Abuja lọ, àti pé wọ́n fi ìyá arúgbó kan ṣe ìránṣẹ́ fún òun, pé ìyá náà ló ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ òun, tó sì ń fọ̀ ọ́. Ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó fi ránṣẹ́, ara sì tù ú fúngbà díẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti bírò tún burú ju ti ẹnu lọ, nítorí ọ̀rọ̀ bírò kò ṣe é sẹ́.

Lẹ́tà ṣáájú ẹni tó kọ ọ́ dé. Ìdáyátù fi yangàn láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀, nírọ̀lẹ́ ó kà á fún bàbá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Bàbá Jàbárù gbọ́ ọ tán, ó ní kó tún ibi ìyá arúgbó kà. Ó tún un kà.

Sàkáríyà dé Karu lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ àti aṣọ sílíkì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Káàbọ̀," ni Bàbá wí. "Ìyá tó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ ní Íńdíà, ẹni ọdún mélòó ni?"

"Wọ́n á ju ọgọ́rin lọ, Bàbá." Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

"Rélùwéè ni mo ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ará Íńdíà wá bá wa ṣiṣẹ́, mo jẹun nílé wọn ní Kàdúná. Ọ̀gá mi níbẹ̀, bí ìyá rẹ̀ bá wọlé, ó ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, bí àwa ṣe ń dọ̀bálẹ̀." Ó kọjú sí Sàkáríyà. "Bí o bá jẹ́ kí ẹni ọgọ́rin ọdún bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ rẹ, o ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí kò bá sì ṣẹlẹ̀, òpùrọ́ ni ọ́. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?"

Sàkáríyà wo Ìdáyátù. Ìdáyátù ń wo ilẹ̀.

"Gbogbo èèyàn ni mo ka lẹ́tà yẹn fún níbi iṣẹ́," ló wí jẹ́jẹ́. "Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo ní kí ẹ kọ."

Sàkáríyà dìde, ó jáde, ó ti rìn dé ojú títì kó tó mọ̀ pé òun kò wọ sálúbàtà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbà, aṣọ sílíkì àti sálúbàtà náà dé Nyanya nínú àpò kan ṣoṣo.

Oṣù kan kọjá. Ẹ̀rọ dé láti Bọ́mbè, Alhaji ń yọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń béèrè bí Íńdíà ṣe rí. "Ó wà bẹ́ẹ̀ náà," ni Sàkáríyà á wí, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Láàárọ̀, bí bọ́ọ̀sì bá ti dúró ní Karu, á doríkodò kí Ìdáyátù má bàa rí òun bó bá wọlé.

Lọ́jọ́ kan tó ń ṣa aṣọ tó fẹ́ fọ̀, ìbọ̀sẹ̀ náà bọ́ sílẹ̀. Ó jókòó tì í. Ihò kọ́ ló ń dùn ún mọ́. Obìnrin tó lè bí bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí rẹ̀, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Òun wá sọ obìnrin náà di ìránṣẹ́ nínú lẹ́tà, kí ọmọbìnrin kan lè rò pé èèyàn ńlá ni òun. Ojú ara rẹ̀ tì í, ó sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tò sórí ìlà ní ilé ìwòsàn Garki. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó kàn án, Ìdáyátù kò gbójú sókè.

"Ibo lẹ tún ń lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan. Apá kankan ò sì dùn mí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì níwájú gbogbo ìlà. Pupa hàn lórí eérú níbi àtàǹpàkò méjèèjì. "Ohun tí mo torí ẹ̀ purọ́ nìyí."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, kò torí ìyẹn dúró. Ó sọ ti ìyá àti òwú pupa, ó sọ ti àwọn obìnrin tó ń ru kọnkéré, nítorí àwọn gan-an ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí. Ìdáyátù gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá náà fúngbà pípẹ́.

"Nígbà tí wọ́n rán an tán ńkọ́, kí lẹ ṣe?"

"Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn nínú súùtù. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́."

"Ẹ gọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá Sàkáríyà," ni Ìdáyátù wí, omi sì lé sí i lójú. "Èyí tó dáa jù nínú ìrìn-àjò yín, òun lẹ lọ fi pa mọ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sàkáríyà tún wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ ní Karu. "Bàbá, ẹ bi mí pé èwo ni kí ẹ mú. Èkejì ni. Òpùrọ́ ni mí."

Bàbá Jàbárù jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo ṣẹ̀ jù. Ẹni tí o ṣẹ̀ wà ní Bọ́mbè. Lọ bẹ̀ ẹ́ kí o tó wá bẹ̀ mí."

Sàkáríyà ń sọ, Ìdáyátù ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà lédè Gẹ̀ẹ́sì, Bàbá jókòó tì wọ́n, ó ń gbọ́ bóyá àbùmọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi dúró. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Sàkáríyà ń wá béèrè bóyá èsì ti dé, á ka ìwé ìròyìn fún Bàbá, á kí Ìdáyátù láti òkèèrè, á sì padà sílé.

Èsì dé pẹ̀lú àpò kékeré kan. Mísítà Mẹ́tà kọ̀wé pé òun ka lẹ́tà náà fún ìyá òun, ìyá sì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí ọmọ náà má tijú mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ oúnjẹ ọ̀sán yẹn ni ọkàn ìyá pàápàá kò ti balẹ̀: àlejò ti ọ̀nà jíjìn wá, òun fi pupa dí eérú fún un, ojú sì ń ti òun. Òwú eérú ló wà nínú àpò náà. Ìyá ti rí i rà.

Bàbá Jàbárù bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. "Lọ pe àwọn ẹbí rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá," ló wí.

Nígbà tí wọ́n so yìgì ní mọ́sálásí Karu, súùtù eérú ni ọkọ ìyàwó wọ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi pupa lórí eérú wọlé. Alhaji Sùlàímọ́nù fọwọ́ tọ́ ọ pé kó fi ẹsẹ̀ bo ẹsẹ̀. Kò bò ó.

Lọ́sàn-án, nígbà tí àlejò dín kù, ó mú òwú eérú wá fún ìyàwó rẹ̀. "Ìdáyá, ṣé kí n tú pupa yìí, kí n fi èyí rọ́pò rẹ̀? Ìyá á fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ìdáyátù gba òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sínú báàgì tirẹ̀, ó pa á dé.

"Ẹ fi pupa sílẹ̀. Èyí wà fún ihò mìíràn. Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn nígbà tó bá yọ."